Ọmọ ọdún 34, òṣìṣẹ́ báńkì l'Abẹ́òkúta: ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù?

Ọmọ_Aṣérò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú àpéjọ yìí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pańṣẹ́kẹ̀, owó oṣù ń wọlé déédéé. Iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ló wà lọ́kàn mi, iṣẹ́ tí mo fẹ́ máa fi jẹun ni, kì í ṣe eré òpin ọ̀sẹ̀. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì nínú WAEC. Mo ń lo gíláàsì. Mo ní ìyàwó àti ọmọ kan. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ orí mi ò ti kọjá? Ṣé gíláàsì ò ní dí mi lọ́wọ́? Zaria ni kí n lọ ni, Ilorin ni, àbí òkè òkun? Èló ló yẹ kó wà níkàáwọ́ mi kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Atukọ̀_Adátán

Àbúrò, má tíì kọ ìwé kankan. Ẹni tó ń ti ẹnu iṣẹ́ mìíràn bọ̀ sídìí èyí, kì í sábà jẹ́ bàálù ló ń dá a dúró. Bó ṣe to ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni. Á kọ́kọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, á san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà á wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Ìwé ìlera Class 1, ìyẹn ti awakọ̀ tó ń fi iṣẹ́ yìí gbowó, ni kó ṣáájú ohun gbogbo. Láìsí i, ẹnì kan ò lè fi láísẹ́ǹsì CPL ṣiṣẹ́ gbowó, owó ò sì lè yí i padà. Ó kan ìfò kan tàbí méjì pẹ̀lú olùkọ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ooru ilẹ̀ ń ti bàálù kékeré sókè sódò, kí ìwọ fúnra rẹ lè mọ̀ bóyá ara rẹ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ètò owó. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ọjọ́ orí rẹ kò tíì kọjá. Ọdún 18 ni CPL ti ń bẹ̀rẹ̀. ATPL, ìyẹn láísẹ́ǹsì tí ọ̀gá awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní nínú ọkọ̀ èrò ńlá, ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 21. Òpin tí ICAO, àjọ òfurufú àgbáyé, fi sí i ni ọdún 65 fún ẹni tí òun àti awakọ̀ mìíràn jọ ń gbé èrò, ọdún 60 fún ẹni tó ń dá wà á. Tó bá gbà ọ́ ní ọdún 3 kí o tó jókòó sí ìjókòó ọ̀tún, ìyẹn ti igbákejì awakọ̀, nínú ilé iṣẹ́ kan, ọdún 28 ṣì wà níwájú rẹ. Ohun tí ọjọ́ orí máa gbà lọ́wọ́ rẹ ni ipò: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi ọjọ́ tí èèyàn wọlé to orúkọ, ọmọ ọdún 24 tó ṣáájú rẹ wọlé ló máa kọ́kọ́ di ọ̀gá awakọ̀. Kí ọkàn rẹ gba ìyẹn láti ìsinsìnyí.

Dókítà_Ìbarà

Ẹ kú ọ̀sán. Gíláàsì kò dí yín lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n ICAO ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan ríran dé 6/9 ó kéré tán (ohun tí ojú tó dára ń rí láti mítà 9, kí òun rí i láti mítà 6), kí méjèèjì pọ̀ dé 6/6, ẹ wọ gíláàsì tàbí ẹ ò wọ̀ ọ́. Kò sí ààlà fún bí ojú ṣe rí nígbà tí ẹ bá yọ gíláàsì. Ohun kan wà ńbẹ̀ ṣá: bí ojú kan bá burú ju 6/60 lọ láìsí gíláàsì, ẹ gbọ́dọ̀ mú ìròyìn kíkún wá láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ ó sì máa tún un ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Wọ́n á wò ó bóyá ẹ lè ka lẹ́tà N5, ìyẹn lẹ́tà kékeré, láti ibi tó tó 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, torí máàpù àti aago iwájú yín. Tí ẹ bá sì ti di awakọ̀, gíláàsì kejì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ yín nínú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́ nígbà tí ẹ ń balẹ̀, kò sí àyè láti máa wá a káàkiri.

Àwọ̀ ló ń yọ èèyàn lẹ́nu jù, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ̀ pé àwọn ní i. Ìwé Ishihara, tí wọ́n fi tó-tò-tó aláwọ̀ kọ nọ́ńbà sí, ni wọ́n á fi dán yín wò. Ẹ má wọ gíláàsì tó ní àwọ̀ lọ. Ẹni tó bá kùnà ńbẹ̀, wọ́n ṣì lè fi àtùpà àyẹ̀wò dán an wò. Ìdí tí wọ́n fi ń lépa rẹ̀ ni pé iná PAPI lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà bàálù ń lo pupa àti funfun láti sọ fún yín bóyá ẹ ga jù tàbí ẹ ti rẹlẹ̀ jù, bí rédíò bá sì kú, iná pupa tàbí àwọ̀ ewé ni ilé ìṣọ́ á fi bá yín sọ̀rọ̀.

Wọ́n á wọn etí náà. Ìgbọ́ràn kò gbọdọ̀ dín ju 35 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) lọ ní 500, 1,000 àti 2,000 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tàbí sílẹ̀), tàbí ju 50 dB lọ ní 3,000 Hz. Wọ́n á gba ìlù ọkàn sílẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ àti ìtàn àìsàn yín. Ẹ má fi oògùn kankan tí ẹ ń lò pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ sọ, tí oògùn tó yẹ sì ti mú wálẹ̀, ó ṣeé bójú tó. Irọ́ tó bá hàn lẹ́yìn ọdún méjì lè gba ìwé náà lọ́wọ́ yín pátápátá.

Oṣù 12 ni ìwé náà ń lò. Lẹ́yìn ọdún 40, ẹni tó ń dá gbé èrò á máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún 60, ó ti di oṣù mẹ́fà fún gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí gbowó.

Ọmọ_Aṣérò

Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. -3.50 ni gíláàsì mi lójú méjèèjì. Ṣé ti 6/60 yẹn kàn mí?

Dókítà_Ìbarà

Ó lè kàn yín. Pẹ̀lú -3.50, ojú lè wà ní 6/60 tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí gíláàsì bá kúrò. Ẹ má dúró kí wọ́n tó béèrè. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ojú ní FMC Ìdí-Àbà, ẹ sọ pé ìròyìn kíkún fún àyẹ̀wò awakọ̀ òfurufú ni ẹ fẹ́: bí ojú ṣe ríran pẹ̀lú gíláàsì àti láìsí i, ìfúnpá inú ojú, ẹ̀yìn ojú, àti ìwọ̀n tí ojú lè rí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú un dání lọ bá dókítà tí NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fún láṣẹ.

Ìyá_Bàálù

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rèé. NCAT, ilé ẹ̀kọ́ òfurufú ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, ti wà láti 1964. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà wá ṣe olórí ibẹ̀. International Aviation College ti Ilorin ló sún mọ́ Abẹ́òkúta jù nínú méjèèjì. Àǹfààní kíkọ́ ọ ní Nàìjíríà ni pé láísẹ́ǹsì NCAA lẹ máa gbà tààrà.

Ṣùgbọ́n ẹ má wo orúkọ nìkan. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: bàálù mélòó ló lè fò lónìí olónìí? Ẹ má béèrè iye tí wọ́n ní, iye tó ń fò ni kí ẹ béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín in? Olùkọ́ mélòó? Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe, àbí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ síbòmíràn? Àwọn tó wọlé gbẹ̀yìn, oṣù mélòó ni wọ́n lò kí wọ́n tó parí? Bàálù ilé ẹ̀kọ́ ń wọ àyẹ̀wò lẹ́yìn wákàtí 100. Èyí tó bá ń fò wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 25 péré ló máa fi dé ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní mẹ́ta, tí ọ̀kan wà nínú háńgà, tí ọ̀kan ń dúró de ẹ̀yà láti òkè òkun, bàálù kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo yín. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ oṣù 18 ti ń di ọdún mẹ́ta.

Ẹ tún béèrè epo tí ọkọ̀ wọn ń mu. Cessna 172 ń mu nǹkan bíi lítà 30 sí 35 avgas, epo bàálù kékeré, ní wákàtí kan, avgas sì wọ́n, ó tún ṣòro láti rí nílẹ̀ wa. Diamond DA42 àti DA40 NG ń lo Jet A-1, epo tí àwọn bàálù ńlá ń mu, tó wà ní gbogbo pápákọ̀ pàtàkì. Bí avgas bá tán ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ ó kàn jókòó máa kàwé ni.

Ní Amẹ́ríkà, wákàtí ìfò 250 ni wọ́n ń béèrè fún CPL lábẹ́ òfin Part 61, 190 lábẹ́ Part 141, ìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ nílò físà ẹ̀kọ́ àti àṣẹ TSA, àjọ ààbò ìrìnnà wọn, kí wọ́n tó lè kọ́ yín. Ètò Yúróòpù, EASA, ní ìwé kíkà tó le jù: ìdánwò 13, máàkì 75 nínú 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù 18 láti ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ mú bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ó ṣì yí i padà sí ti NCAA: wọ́n á kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè tó fún yín láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ẹ ó ṣe ìdánwò òfin òfurufú, ìlera, àti ìfò àyẹ̀wò. Ẹ fi owó àti oṣù díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Akápò_Láfẹ́nwá

Èmi á sọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ báńkì ti máa ń rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iye tí wọ́n kọ sí ìwé ìpolówó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye owó wákàtí kan. Ká ní 250 dọ́là ni: nǹkan bíi wákàtí 200 tí èèyàn fi ń dé CPL jẹ́ 50,000 dọ́là. Ìyẹn jẹ́ ti ẹni tí kò ní tún ẹ̀kọ́ kankan ṣe, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. PPL, láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí kò gba èèyàn láyè láti gbowó, tí òfin fi wákàtí 40 sí, ọ̀pọ̀ ni kì í parí rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá 55 tàbí 60. Ẹ fi ìdá mẹ́rin kan lé e. Ẹ wá ka ilé gbígbé, oúnjẹ, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, owó ìdánwò, owó olùdánwò, owó ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ mìíràn, àti ìfò àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì bí ẹ bá kùnà nínú ti àkọ́kọ́.

Owó náírà tí ẹ tọ́jú fún nǹkan tí wọ́n ń fi dọ́là tà kì í dúró lójú kan. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 460 lọ́jà ìjọba. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. 50,000 dọ́là kan náà kúrò ní náírà mílíọ̀nù 23, ó di mílíọ̀nù 75. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín ẹ̀kọ́ nígbà yẹn dúró sójú ọ̀nà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ òkè òkun, ẹ sọ owó náà di dọ́là díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ sì bi báńkì yín nípa Fọ́ọ̀mù A, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó òkè òkun, fún owó ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín ní ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ bàálù máa ń kógbá sílé. Wákàtí 10 sí 15 ni kí owó yín máa ṣáájú, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dá èyí tó bá kù padà.

Owó ìfẹ̀yìntì: lábẹ́ òfin 2014, ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè béèrè tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ẹ má kà á mọ́ owó ẹ̀kọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ilé, torí ó kéré tán owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù 30 gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, níbi tí owó bàálù kò ní fọwọ́ kàn án. Ìyàwó yín gbọ́dọ̀ rí àkáǹtì yẹn, kó sì mọ iye tó wà níbẹ̀.

Ẹyẹ_Kútọ̀

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó jókòó? Ó lè pín in. Kó kàwé lálẹ́, kó fi ìsinmi ọdọọdún gba PPL, kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kó tún tọ́jú owó.

Atukọ̀_Adátán

Ẹ̀gbọ́n Ẹyẹ, òótọ́ ni ti ìwé kíkà, mo sì fara mọ́ ọn. Òfin òfurufú, ojú ọjọ́, ìwọ̀n ẹrù, ìlànà ìfò, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kà l'Aṣérò lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sí ìṣirò ńlá níbẹ̀. Bí o bá ti rìn máìlì òkun 60 tí o sì ti fi máìlì kan yà kúrò lójú ọ̀nà, o fi ìwọ̀n igun kan ṣìnà. Bí atẹ́gùn bá ti igun 30 fẹ́ lu ojú ọ̀nà bàálù, ìdajì agbára rẹ̀ ló ń ti ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú èyí ni wọ́n ń fẹ́ kí o ṣe lórí, kíákíá, bí o ti ń dá rédíò lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìfò òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ò lè gbé ẹnikẹ́ni débì kan, pàápàá láti Abẹ́òkúta, níbi tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ bàálù. Ọwọ́ ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ sì ń gbàgbé. Ẹni tó bá ń fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ohun tuntun ló ń kọ́. Ẹni tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun àná ló ń san owó rẹ̀ padà. Bí ọ̀gá báńkì bá fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó so pọ̀, kó wá fi ìyẹn ṣe PPL, ó dára. Kó wò ó kúrò nínú ọyẹ́ ṣá.

Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ wá lè bo Zaria fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó ń fojú fò gbọ́dọ̀ rí iwájú tó kìlómítà 5 nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, kó sì fi mítà 1,500 jìnnà sí ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́, mítà 300 lókè tàbí nísàlẹ̀. Bí eruku bá ti gbà á, akẹ́kọ̀ọ́ ò gbéra. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, àárọ̀ kùtù ni kí o gba àyè rẹ, nítorí ìkùukùu ìjì máa ń ga sókè lọ́sàn-án.

Ooru náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Zaria ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,170 sí òkun. Lórí ìwé, ó yẹ kí ibẹ̀ wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 11 ti Celsius. Bó bá di 36 lọ́sàn-án, ìwọ̀n 25 ló fi lé e, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì dà bí ẹsẹ̀ bàtà 120 tó kún gíga. Bàálù á máa ṣe bí ẹni pé ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 5,000: ẹ́ńjìnnì kò ní lágbára tó, apá kò ní rí afẹ́fẹ́ dì mú, yóò sáré pẹ́ kó tó gbéra, yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣírò rẹ̀ á fa imú bàálù sókè kí ó lè tètè gòkè, eré á dín, apá á sì já afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yí sí ojú ọ̀nà láti balẹ̀ ni irú rẹ̀ ti léwu jù, torí kò sí gíga mọ́ láti fi tún un ṣe.

Ìwé_Ìfò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn láísẹ́ǹsì, torí ibẹ̀ ni ó ṣókùnkùn jù. Pẹ̀lú CPL, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì àti ti ìfò aláago, ìyẹn fífi aago inú ọkọ̀ nìkan fò nígbà tí ojú ò ríta, o ní nǹkan bíi wákàtí 200. ATPL ń béèrè 1,500. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní 200 wákàtí ní Nàìjíríà pọ̀ ju iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n lọ. Ilé iṣẹ́ á béèrè type rating, ìyẹn ẹ̀kọ́ lórí irú ọkọ̀ kan pàtó, ATR tàbí Boeing 737 fún àpẹẹrẹ. Má fowó ara rẹ ra ìyẹn nígbà tí kò sí ilé iṣẹ́ tó fi ìwé ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ. Owó ńlá ni, bí oṣù bá sì kọjá lórí rẹ̀ láìfò, o ó tún wọ símúlétọ̀, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bí bàálù, lọ tún ṣe é. Bí ilé iṣẹ́ bá san án, ìwé àdéhùn ọdún mélòó kan ló máa tẹ̀ lé e. Kà á: kí ni wàá san bí o bá kúrò ní ọdún kejì, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí àwọn bá dá ọ dúró?

Ọ̀nà tó dájú jù ni ìwé olùkọ́. Wọ́n á máa sanwó fún ọ, wákàtí á sì máa wọlé. Owó rẹ̀ kéré sí ti báńkì, kí ìyàwó rẹ mọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí: kọ ọ́ ní ọjọ́ kan náà, jẹ́ kí olùkọ́ fọwọ́ sí i, ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Má fi wákàtí kan ṣoṣo kún un. Wọ́n á fi wé ìwé bàálù àti ti ilé ìṣọ́, kò sì sí iṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ICAO náà wà: ìpele 4 ni ó kéré jù, ọdún 3 ló ń lò, ìpele 5 ọdún 6, ìpele 6 kò ní àtúnṣe. Ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ_Aṣérò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti dá ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ dúró. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Bí mo bá sì kùnà níbi àyẹ̀wò ìlera ńkọ́?

Ìyá_Bàálù

FMC Ìdí-Àbà fún ìròyìn ojú, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àyè lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fún láṣẹ ní Èkó. Ẹ lè wọ rélùwéè láti ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyinká, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Agége, Ìkẹjà ò jìnnà mọ́. Ẹ mú páálí ìdánimọ̀ tàbí páásípọ́ọ̀tù, ìròyìn ojú, gíláàsì méjèèjì, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ bóyá ìsinmi láìgbowó wà, torí ìyẹn sàn ju ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá kùnà, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tí ìtọ́jú ń yanjú, tí ẹ lè padà lọ fún. Bí kò bá ṣeé yanjú, àwọn tó ń ṣètò ìfò fún ilé iṣẹ́ bàálù, tí wọ́n ń ṣírò epo, ẹrù àti ọ̀nà, ní láísẹ́ǹsì tiwọn láti ọdún 21, ICAO kò sì fi ìwé ìlera dè é. Ẹni tó ti lo ọdún nídìí ìṣirò owó máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà_Ìbarà

Ẹ fi èyí kún un: ẹ sùn tó wákàtí méje kí ẹ tó lọ, ẹ má mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sì sùn jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú. Ariwo òru kan lè mú kí etí tó dára kùnà nínú àyẹ̀wò.